Àgbò Ṣàngó, Owó Lọ́ńdọ̀nù

Ní àárọ̀ ọjọ́ Iléyá ní Ṣàngó, Ìlọrin, iṣẹ́ méjì ni wọn kì í gbé fún ọmọdé: àgbò dídìmú àti fóònù dídìmú. Ti fóònù ló le jù. Ẹni tó sanwó àgbò wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fẹ́ rí ìwo, ó fẹ́ rí ìrù, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹran náà kò fọ́jú, kò sì ya arọ, bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Èyí tí kò sọ síta ni pé ó tún ń wò ó bóyá àgbò tí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí, tàbí àbúrò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí fóònù sọ́dọ̀ ẹran."

"Ṣé ojú èmi tí mo bí ọ kọ́ lo fẹ́ kọ́kọ́ rí ni?"

Ọmọ dákẹ́. Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ wá èpè lọ́jọ́ ọdún. Tirẹ̀ tiẹ̀ sàn, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Ìlọrin ò yàtọ̀. Èyí tó wà ní Houston ló jìyà: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ṣàngó, aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ojú oorun ló fi wo àgbò, ó ní ó tóbi, ó padà sùn.

Owó ló dá irú ọdún báyìí sílẹ̀. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, pọ́n-ùn kan kò tó 600 náírà ní báńkì. Nígbà tí Iléyá ọdún 2024 fi máa dé, ó ti lé ní 1,800. Àwọn ará ilé tètè ṣe ìṣirò náà, wọ́n ní Ọlọ́run ti sọ àgbò di ọ̀pọ̀ fún ọmọ àwọn. Alágbò náà ṣe ìṣirò tirẹ̀. Òkè Ọya ni ẹran ti ń wọkọ̀ wá sí Ìlọrin, epo ọkọ̀ sì ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Tí alágbò bá wá gbọ́ tí oníbàárà ń sọ lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, mélòó lẹ ní kí n san?", àgbò tún wọ́n sí i lójú ẹsẹ̀.

Ní Ìlọrin, tí wọ́n bá ti kírun tán ní Yídì, tí Ìmáàmù Àgbà sì ti pa tirẹ̀, ó di ọ̀bẹ yá. Iná á ràn lẹ́yìnkùlé, irun àgbò á máa jó, àwọn ọmọdé á ti máa jà sí ẹ̀dọ̀. Ẹ gbé irú rẹ̀ dán wò lẹ́yìnkùlé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ wo bí ọlọ́pàá ṣe ń kí èèyàn kú ọdún. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ilé ìpẹran tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti lè dúńbú àgùntàn lọ́nà ti ẹ̀sìn. Nítorí náà, alápatà oníhàlálì lèèyàn ń sanwó fún. Orúkọ á wọ̀wé, ẹran á sì dé nígbà tó bá dé, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kejì ọdún, nínú ọ̀rá, tútù bí òkúta. Awọ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti bó o. Àgùntàn tí wọ́n fi iná jó irun rẹ̀, tí awọ ṣì wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní smokies níbẹ̀, títà rẹ̀ lòdì sófin, wọ́n sì ti gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Ohun tí Ìyá Àlájà fi ń ṣàlejò ní Ṣàngó, ẹjọ́ ìjọba ni ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀rọ̀ àyè ìsinmi tún wà níbẹ̀. Iléyá ọdún 2025 bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹfà. Ìjọba Nàìjíríà sì fi ọjọ́ Ajé lé e. Ìlú New York ti ń ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún ọdún méjèèjì, Iléyá àti ìtúnu ààwẹ̀, láti 2015. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò fi ohunkóhun lé ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọdún, kó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ti Iléyá ṣì dára, torí oṣù á ti lé fún bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ọdún tó dé. Ti ìtúnu ààwẹ̀ ni kí Ọlọ́run gbani. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún òyìnbó pé ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Ajé lòun ò ní wá, ó di ìgbà tí wọ́n bá rí oṣù? Ní 2025, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀lé Saudi, wọ́n túnu ní 30 oṣù Kẹta. Àwọn mìíràn dúró di ọjọ́ kejì. Ọ̀gá tó bá ní Mùsùlùmí méjì lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì tọrọ ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún kan náà, ṣé a lè bá a wí tó bá ń fura?

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò pani lẹ́rìn-ín. Láti 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó gba físà láti lọ tọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti bọ́ sínú irú òfin bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà. Nítorí náà, nígbà tí Ṣàngó bá ń jẹun, ọmọ Ṣàngó ń fi ṣíbí bọ́ bàbá ẹlòmíràn nílé ìtọ́jú arúgbó. Ìyàwó rẹ̀ ń pín ẹran ní Ìlọrin. Bàbá tirẹ̀ ń wá ẹni tó máa bá a tan fóònù. Ọwọ́ tó máa ṣiṣẹ́ ni wọ́n ránṣẹ́ pè, wọn ò ránṣẹ́ pe ẹnu.

Ní Ṣàngó (àdúgbò tó ń jórúkọ òrìṣà, tó kún fún àwọn Àlájì, tí kò sì dun ẹnikẹ́ni), àlejò kì í kọ̀wé kó tó wá. Aládùúgbò tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ iye ẹran tó máa kan òun, kò sì tíì gbàgbé pé ti èṣí dín. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹran nínú fíríjì, àmọ́ ta ni yóò gba ìdá kan nínú mẹ́ta tó yẹ kó fi tọrẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Aládùúgbò rẹ̀ kì í ṣílẹ̀kùn; tó bá tiẹ̀ ṣí i, á ní ẹrù ẹlòmíràn ni wọ́n ṣì gbé wá.

Ìdí nìyí tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fi ń sún àríyá síwájú. Wọ́n á kírun lọ́jọ́ ọdún, bóyá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà tó sọ ilé ọtí di mọ́ṣáláṣí ní Old Kent Road (làáda ìyẹn nìkan tó ìdajì ààwẹ̀), jíjẹ àti mímu á wá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú gbọ̀ngàn àyágbé. Ibẹ̀ ni aṣọ ẹbí wà, ibẹ̀ ni kúlà ìrẹsì wà, pẹ̀lú wàrà tí ẹnì kan fi mílíìkì súpámákẹ́ẹ̀tì ṣe, tí gbogbo ọmọ Ìlọrin ń yìn tipátipá. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ jáde. Owó ìdógò wà lọ́wọ́ onígbọ̀ngàn.

Ibi tí wọ́n ti ń gbé kúlà sínú ọkọ̀ ni ẹnì kan ti béèrè ọjọ́ tí ìtúnu ààwẹ̀ tó ń bọ̀ máa bọ́ sí, kó lè tètè tọrọ àyè. Àwọn tó ń tẹ̀lé Saudi dá a lóhùn, àwọn tó ń wo oṣù fúnra wọn náà dá a lóhùn, ohùn sì ń ròkè. Ó ní kí wọ́n má jà mọ́, òun á gba ọjọ́ méjèèjì: ọ̀kan fún ọdún, èkejì fún eyín dídùn.