Kọ́múréèdì

Ẹ ò ní pẹ́ dá a mọ̀. Bí ẹ bá yà sí Sẹkitéríàtì ní Agodi n'Íbàdàn, tàbí Òkè-Mosàn l'Ábẹ́òkúta, ẹ wo ẹni tó de fìlà pupa, tí báàjì tó lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀gágun lọ. Kọ́múréèdì nìyẹn. Ipele 14 ló wà nínú ìwé ìjọba, àmọ́ aláǹtakùn ló ń bá a jókòó ti tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́ ìjọba. Owó iṣẹ́ ìjọba ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ sú u.

Ó mọ owó oṣù tó kéré jù bí ẹni ń ki oríkì ìdílé: 18,000 náírà lọ́dún 2011, 30,000 lọ́dún 2019, 70,000 lọ́dún 2024. Nígbà tí Èkó kéde 85,000 tí ìpínlẹ̀ tirẹ̀ kò sì san tó bẹ́ẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n bú baba tó bí i ni.

Ẹ má wulẹ̀ bi í níbi tí owó náà yóò ti wá. Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì já lulẹ̀ láti orí ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́dún 2014, tí owó tí Àbújá ń pín fáwọn ìpínlẹ̀ lóṣooṣù fà bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọ̀ṣun jẹ òṣìṣẹ́ lówó ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ààbọ̀: ipele 1 sí 7 ń gba owó wọn pé, 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12 sókè ń gba ìlàjì. (Kò sí ipele 11 nínú iṣẹ́ ọba. Ẹ bi àwọn tó ka òǹkà náà.)

Ojú rí nǹkan nígbà yẹn. Àwọn arúgbó tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ wá ń tọrọ owó oògùn, n kò sì ní fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Kọ́múréèdì náà bínú, ṣùgbọ́n ìbínú tirẹ̀ ní ìṣirò nínú. Iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń wò yọ owó tiwọn. Bí owó oṣù bá di ààbọ̀, owó ẹgbẹ́ náà ń di ààbọ̀ nìyẹn, mọ́tò Kọ́múréèdì kò sì mọ ààbọ̀ epo í mu. Ta ló sì ń bá a yọ owó ọ̀hún kó tó dé báńkì? Akáúńtáǹtì ìjọba kan náà tó ń fi gbohùngbohùn bú láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Bí ẹ bá ní owó òṣìṣẹ́ ti gbé ètò ìṣúná mì, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní, ó sì le: òfin owó ìfẹ̀yìntì tí Èkó ṣe lọ́dún 2007, tó fún gómìnà tó bá ti lo sáà méjì nílé l'Ékòó àti l'Ábújá, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ fún un. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, èmi náà kì í rí èsì fọ̀. Ohun tí mo kàn ṣàkíyèsí ni pé bó bá ti ń kà á, ohùn rẹ̀ á rọ̀, bí ẹni ń júwe ilé tí òun ti wò sílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ tó wà lẹ́nu géètì ní tirẹ̀ kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ó ń san owó ìsọ̀, ó ń san owó ilẹ̀, ó sì ń ta àwìn fún òṣìṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá so ewé mọ́ géètì, ẹ̀kọ rẹ̀ á kan.

Ìyanṣẹ́lódì tó kẹ́yìn gba ọjọ́ mẹ́sàn-án. Aago méjì òru ni Kọ́múréèdì kúrò nílé gómìnà, ojú rẹ̀ ń dán. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gun orí àga.

"A ò fagi lé ìyanṣẹ́lódì o! A kàn so ó rọ̀ ni!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Alága."

"Ìyá, ẹ fún mi lẹ́kọ mẹ́fà, mọ́ínmọ́ín mẹ́rin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìyá ṣí ìwé àwìn rẹ̀, ó fi itọ́ ra ìka, ó wá ojú ewé tirẹ̀.

"Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni, Alága, àbí kí n so ó rọ̀ mọ́ ti oṣù tó kọjá?"