Jíìpù Tó Dá Epo Mọ̀

Ní Àbújá, èèyàn ńlá kì í ra epo lásán. Ilé epo ló ń rà. Ẹ jókòó ti àwọn ọ̀gá ní Wuse 2 nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ bá mú sùúrù títí ọ̀rọ̀ òṣèlú fi sú wọn, ẹ ó gbọ́ oríkì. Ọ̀kan á ní Total nìkan ni jíìpù òun ń mu. Èkejì á ní bí dírẹ́bà òun bá fi lè ra epo níbòmíràn yàtọ̀ sí NNPC, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹ̀kẹta, tí owó kọ́ńtíráàtì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò dárúkọ ilé epo kankan. Ó ní ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn lòun ń yà sí. Ẹ wá fẹnu ba ilé epo kékeré tó wà ní Dei-Dei tàbí létí títì Kubwa, èyí tí wọ́n kọ orúkọ Alhaji kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ sára pátákó rẹ̀, tó sì ń fi ogún sí ọgbọ̀n náírà dín owó lítà kan. Gbogbo wọn á yínmú pọ̀. "Áà! Omi ni wọ́n ń tà níbẹ̀."

Mo gbà pé jíìpù lè mọ ojú olówó rẹ̀. Àmọ́ ta ló kọ́ ọ ní ìwé tó fi lè ka pátákó?

Ẹ jẹ́ ká tọ epo náà dé orísun. Àbújá kò ní òkun, kò ní ilé ìfọpo. Dẹ́pò NNPC tó wà ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, ni wọ́n kọ́ kó máa bọ́ ìlú yìí, kí páìpù abẹ́ ilẹ̀ máa rọ epo sí i. Ó ti rẹ páìpù. Àwọn tó ń bẹ́ ẹ ni kò tíì rẹ̀. Tánkà ló wá ń gbé èyí tó pọ̀ jù wá láti Èkó àti Warri, tí àwọn awakọ̀ ń sùn lójú ọ̀nà. Ní dẹ́pò tí wọ́n ti ń rù ú, tánkà tó ń lọ sí ilé epo olórúkọ ńlá àti tánkà Alhaji jọ ń tò lórí ìlà kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú 2023 ni NNPC nìkan fi ń kó bẹntiróòlù wọ orílẹ̀-èdè yìí; ẹnikẹ́ni tó bá tà á, ti NNPC ló ń tà. Ìyá olóúnjẹ bu ọbẹ̀ kan sínú àwo tánńganran fún ọ̀gá, ó bu ọbẹ̀ kan náà sínú ọ̀rá fún dírẹ́bà. Ọ̀gá wá ń fi dírẹ́bà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ata tirẹ̀ ò jinná.

Ẹni tó bá rò pé mò ń bá olówó jà, kó rántí oṣù Kejì ọdún 2022. Ìgbà yẹn ni àwọn jíìpù tó mọ orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákú láàárín títì. Epo tí mẹ́táńọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló wọ̀lú. Mẹ́táńọ́ọ̀lù kì í ṣe àjèjì nínú bẹntiróòlù. Ibòmíràn wà tí wọ́n ń fi díẹ̀ lú u. Àmọ́ bó bá ti kọjá ààyè rẹ̀, á máa fa omi mọ́ra, òun àti omi á jọ já sílẹ̀ kúrò lára epo, wọ́n á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ táǹkì, níbi tí ẹnu pọ́m̀pù wà gan-an. Ohun tí ẹ́ńjìnnì bá mu lẹ́yìn ìyẹn, kò sí orúkọ tó ń jẹ́.

Mele Kyari, ọ̀gá àgbà NNPC nígbà náà, jáde wá ṣàlàyé. Ó ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin ló gbé e wá láti Antwerp ní Belgium. Ó dárúkọ àwọn tó kó o wọlé: MRS, Oando, Emadeb àti àwọn alájọṣe rẹ̀, pẹ̀lú Duke Oil. Ta ni Duke Oil? Ọmọ bíbí inú NNPC ni. MRS náà fèsì kíá pé NNPC nìkan ló ń pèsè epo fún gbogbo wa, Duke Oil ló sì gbé ẹrù náà fún òun. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe dùn tó? Bàbá ń fẹ̀sùn kan aládùúgbò, aládùúgbò ń nawọ́ sí ọmọ bàbá. Nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n ń jù lu ara wọn yìí, n kò gbọ́ orúkọ Alhaji àti àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kó wá ni òun náà ń tà.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àyẹ̀wò. Kyari ní wọ́n yẹ ẹrù náà wò ní Belgium, ó yege. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó dé èbúté wa, ó tún yege. Ó ní ohun tó fà á ni pé kò sí mẹ́táńọ́ọ̀lù nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ìdánwò tí wọn kò ti ní béèrè ohun tí o kò mọ̀, ta ni kò ní gba ipò kìíní níbẹ̀?

Bí epo bá sì ti wọ́n ní Àbújá, ẹ lọ wo iwájú ilé epo Total àti Conoil tó kọjú sí ilé gogoro NNPC ní Central Area. Ìlà mọ́tò á gùn débi pé àwọn tó ń ṣètò epo fún gbogbo Nàìjíríà lè yọjú lójú fèrèsé kí wọ́n máa ka orí wa. Àwọn ọmọkùnrin ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì á ti tò sétí títì, wọ́n á máa ju rọ́bà lọ́wọ́, àrọ á wà lábẹ́ apá. Ọ̀gá á sọ gíláàsì jíìpù rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tútù má baà sá jáde.

"Total ni àbí?"

"Total ni, ọ̀gá mi."

Mọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á dúró. "Ṣé ti NNPC nìyẹn?"

"Ti NNPC gidi ni, Alhaji. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò lórí pọ́m̀pù ni."

Kẹ́ẹ̀gì kan náà. Àwọn méjèèjì á wa ọkọ̀ wọn lọ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, wọ́n á sì sọ nílé pé ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn mọ̀ pé epo yàtọ̀ sí epo.

Àwọn orúkọ tí wọ́n ń bọ yìí gan-an, ṣé wọ́n mọ ìtàn wọn? BP di African Petroleum lọ́dún 1979 nígbà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ó di Forte Oil. Ó tún di Ardova. Texaco di MRS. Mobil ṣì wà lára pátákó, ṣùgbọ́n 11 Plc ló ń jẹ́ nínú ìwé, orúkọ tí èèyàn lè rò pé nọ́ńbà ilé ni. Unipetrol àti Agip para pọ̀ di Oando. Ilé epo Oando bọ́ sọ́wọ́ OVH, nígbà tó sì di 2022, NNPC ra OVH. Mo mọ ọ̀gá kan ní Gwarinpa tó ti búra pé Oando lòun máa rà títí ayé, tí kì í fẹ́ gbọ́ NNPC sétí. Wọ́n kun pátákó ilé epo rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ọmọbìnrin kan náà ló ń ta epo fún un, níbi pọ́m̀pù kan náà, ó wá di oníbàárà NNPC láìkúrò lórí ìjókòó. Jíìpù rẹ̀ kò ṣọ̀fọ̀.

Àwa nìkan náà kọ́. Àwọn èèyàn wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ń jiyàn bóyá epo Tesco tàbí Asda, àwọn ilé ìtajà tó ń ta bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, tó ti Shell àti BP. Òfin ibẹ̀ ò ṣojúsàájú: gbogbo epo ló gbọ́dọ̀ dé ojú ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní EN 228, dẹ́pò kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń rù ú. Ohun tí olórúkọ ń fi kún tirẹ̀ ni èròjà tó ń fọ inú ẹ́ńjìnnì. Lọ́dún 2007, silicon bọ́ sínú epo tó jáde láti dẹ́pò kan ní Essex, mọ́tò àwọn oníbàárà Tesco àti Morrisons sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ilé ìtajà méjèèjì ní kí ẹni tọ́rọ̀ kàn wá, àwọn á sanwó àtúnṣe. Ẹ̀yin náà ẹ mú rìsíìtì ọdún 2022 yín lọ síbi tí ẹ ti ra epo, kí ẹ wá sọ ohun tí wọ́n wí fún yín.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń pa mọ́tò ní tòótọ́, ẹ má bi ọ̀gá Wuse 2. Ẹ lọ sí Mechanic Village ní Àpò, kí ẹ bá ọmọ Ìbàdàn tí epo dúdú ti bo ìgbáròkó rẹ̀. Èsì rẹ̀ ò gùn: "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ kì í ba plọ́ọ̀gì jẹ́. Omi ni." Abẹ́ ilẹ̀ ni táǹkì ilé epo wà. Bí ìdérí rẹ̀ kò bá dí dáadáa, òjò á wọlé. Bó bá ti pẹ́, ìpẹtà á máa já bọ́ nínú rẹ̀. Máníjà tó mọṣẹ́ máa ń ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ láràárọ̀, ọ̀dà kan sì wà tí wọ́n ń fi pa ìdí ọ̀pá náà tí yóò pàwọ̀ dà bó bá kan omi. Máníjà tí kò mọṣẹ́ lè wà lábẹ́ pátákó tó ga jù lọ ní Maitama. Àti pé, nígbà tí tánkà bá ń já epo sínú ilẹ̀ lọ́wọ́, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ń rú sókè. Ẹni tó bá ra epo ní wákàtí yẹn ti ra gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ ta ni.

Ibi tó ti wá burú fún àwọn ọ̀gá mi nìyí: epo kì í pẹ́ nílẹ̀ níbi tó bá ti dín owó. Ilé epo Alhaji tí oní-Kẹ̀kẹ́ NAPEP àti onítakisí ń rọ́ wọ̀ láti àárọ̀, táǹkì rẹ̀ lè gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Níbi tí afẹ́fẹ́ tútù wà, tí jíìpù mélòó kan ń yà sí, epo lè máa jókòó de ẹni tó máa rà á.

N kò ní kí ẹ máa sáré lọ sọ́dọ̀ Alhaji o. Òun náà ní ìwà tirẹ̀, mítà sì ni ìwà náà. Lítà kì í ṣe lítà níbi gbogbo ní Àbújá. Ká ní ilé epo olórúkọ kan ń ta lítà kan ní 930 náírà, Alhaji ń ta tirẹ̀ ní 900. Ẹ ra lítà mẹ́wàá lọ́dọ̀ Alhaji, ẹ san 9,000, ẹ sì ṣọpẹ́. Bó bá jẹ́ pé lítà mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló bọ́ sínú táǹkì yín, 947 náírà ni ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti sanwó fún àìlórúkọ rẹ̀. Àmọ́ ta ló sọ pé mítà olórúkọ ò lè ṣàìsàn kan náà? Àwọn onímọ́tò ìlú yìí mọ̀ pé táǹkì tí àwọn tó ṣe mọ́tò ní kò lè gba ju lítà 60 lọ máa ń gba 66 ní Nàìjíríà, láìkán sílẹ̀. Iṣẹ́ ìyanu tí pásítọ̀ kankan kò tíì wàásù lé lórí. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń rán àwọn òṣìṣẹ́ NMDPRA, àjọ tó ń mójú tó ọjà epo, jáde pẹ̀lú garawa ìwọ̀n, tí wọ́n ń ti ilé epo pa. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ẹ ó tún rí i tí wọ́n ṣí i, pọ́m̀pù á máa ṣiṣẹ́, inú gbogbo wọn á máa dùn.

Ìdọ̀tí gidi tiẹ̀ wà tí ojú kò lè rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Àbújá yìí gan-an ni Nàìjíríà, Ghana, Benin, Togo àti Côte d'Ivoire ti fẹnu kò pé àwọn ò ní gba epo tí imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ láti Yúróòpù mọ́. Wọ́n ní imí ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ já láti ìdá 3,000 nínú mílíọ̀nù wá sí 50. A pàtẹ́wọ́. Lọ́dún 2020, àjọ Stakeholder Democracy Network gbé àbájáde àyẹ̀wò epo tí wọ́n ṣe ní Niger Delta jáde, wọ́n ní epo tí àwọn ọmọ inú igbó ń fi àgbá sè, èyí tí ológun ń dáná sun, kò dọ̀tí ju èyí tó gba ẹnu ọ̀nà ìjọba wọlé láti òkè òkun lọ. Ìgbà mìíràn wà tó sàn jù ú lọ. Gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀gá ń béèrè Total tàbí Conoil.

Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n náírà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́, láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Tinubu ti dúró ní Eagle Square pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí 537 náírà sì kí wa káàárọ̀ ní Àbújá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróòlù láti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, òun àti MRS ti jọ ṣàdéhùn pé 935 náírà ni lítà kan á jẹ́ jákèjádò Nàìjíríà.

Mo bá ọ̀gá oní-Oando ti Gwarinpa sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni ti Alhaji ti wá, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni ti tiyín náà ti wá. Ẹ jẹ́ ká lọ rà á níbi tó ti dín owó."

Ó ronú sí i. Ó ní òun gbà pé ibì kan náà ni wọ́n ti rù ú, ṣùgbọ́n ti Alhaji gba Lọ́kọ́ja wá, tòun gba Bida. Àti pé kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà Bida. Epo ti máa ń pò dáadáa kó tó dé Suleja.