Ibojì Obìnrin Tó Ń Lé Obìnrin

Ìyá Bọ̀sẹ̀, ẹ jókòó, ẹ̀fọ́ yẹn kò ní sá lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé Òkè-Erì la lọ, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi ibojì Bílíkísù Sùngbọ́? Àbúrò ọkọ mi ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa. Ẹ jẹ́ n sọ ti mọ́tò ọ̀hún ná: ó ń dún bí ẹ̀rọ ata, a ò sì gbọ́ ara wa títí a fi débẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú tí mo rà bọ̀? Màá bù fún yín, ẹ ṣe sùúrù.

Bílíkísù yìí, olówó ni, opó ni, kò sì bímọ. Wọ́n ní torí kí orúkọ rẹ̀ má bàa parun ló ṣe kó èèyàn jọ, tí wọ́n gbẹ́ Erédò, yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ẹ má pè é ní gọ́tà o! Nǹkan bíi kìlómítà 160 ni. Ibòmíì wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri tó mítà 20. Kò bímọ o, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò parun; ìyá ojúlé kejì bí méje, ta ló ń pè é lórí fóònù nínú wọn? Ẹ má sọ pé èmi ni mo wí.

Wọ́n tún ní òun ni Ayaba Ṣébà tó lọ wo Sólómọ́nì. Etiópíà ní tàwọn ni, Yẹ́mẹ̀n náà ní tàwọn ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní Erédò kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, Sólómọ́nì sì ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Ẹ lọ sọ ìyẹn ní Òkè-Erì, kí ẹ wá rojọ́ délé! Mùsùlùmí ń lọ gbàdúrà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì ń lọ.

Ibi tó dùn mí rèé. Mo ti wé gèlè, mo ti bọ́ bàtà, ni bàbá kan bá dábùú ọ̀nà: obìnrin kì í dé ìdí ibojì. Ajá náà kì í débẹ̀, wọ́n ní èyí tó bá wọ ibẹ̀ yóò kú. Èmi àti ajá! Mo ní, "Bàbá, ṣebí obìnrin lẹ sin síbẹ̀?" Wọ́n ní àṣà ni. Ọmọkùnrin àbúrò ọkọ mi, tí kò tíì lè fọwọ́ ara rẹ̀ wọ ṣòkòtò, òun wọlé, ó jáde, ó ní ilẹ̀ lásán lòun rí.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń yọ́ gbọ́ mi lẹ́yìn ògiri, tí ẹ bá dé Òkè-Erì, ẹ bá mi kí ìyá náà. Ẹ ní obìnrin kan wá, wọn ò jẹ́ ó wọlé. Kó bá àwọn tó ń ṣọ́ ọ sọ̀rọ̀.