Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bọ̀dá Kápùténì: Ẹ Kọ́kọ́ Wọn Orí Ọkọ̀ Yín

Bọ̀dá Kápùténì,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja o, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ náà kò ní kí n má fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé àwòrán yọ́ọ̀tì yín sórí WhatsApp ẹbí, ilé wa ní Lálúpọn kò gbádùn mọ́. Ẹ dé fìlà funfun, ẹ jókòó sórí àga tó wà lókè téńté ọkọ̀, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé nígbà ooru tó ń bọ̀, London sí Birmingham ni, gba orí omi. Ẹ̀yin tí a mọ̀! Ẹ̀yin tí àwọn apẹja Aṣéjire fi ọ̀pẹẹrẹ lọ̀, tí ẹ ní bàtà yín ò gbọdọ̀ tutù!

Ó dá mi lójú pé aṣọ tí ẹ máa wọ̀ nìkan lẹ tíì rò, ni mo bá bá yín ro ìyókù.

Odò tí ẹ fẹ́ gbà, Grand Union Canal, kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Máìlì 137 ni láti London dé Birmingham, lọ́ọ̀kì 166 ló sì wà lójú ọ̀nà. Fún àwọn ará ilé tó ń yọjú wo lẹ́tà yìí léjìká yín: lọ́ọ̀kì ni yàrá olómi tí wọ́n mọ sáàárín odò, tó ní ilẹ̀kùn ńlá níwájú àti lẹ́yìn. Omi kì í dá gun òkè. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ gòkè á wọ yàrá náà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á jẹ́ kí omi òkè rọra máa wọlé títí ọkọ̀ yóò fi léfòó dé ìpele tó ń lọ, kí wọ́n tó ṣí tiwájú. Ẹ má retí pé ẹnìkan máa tẹ bọ́tìnì fún yín. Irin ìyí kan lẹ máa mú dání, ẹ ó fi yí ojú ihò omi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó fi ìdí ti apá ilẹ̀kùn onígi yẹn bí ẹni ń ti mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ kú. Ní Hatton, lẹ́bàá Warwick, 21 ló tò tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn yín tó máa ń dùn yín bí ẹ bá gbé ìdajì àpò gaàrí, ṣé ẹ ti sọ fún un?

Àwọn tó ń rin irú odò yìí ní ìṣirò kan. Ẹ ro iye máìlì mọ́ iye lọ́ọ̀kì, ẹ fi 3 pín in, iye wákàtí tí ẹ máa lò nìyẹn. 137 àti 166 jẹ́ 303. Wákàtí 101 ni. Bí ẹ bá ń wa wákàtí 7 lójúmọ́, tí òjò ò dá yín dúró, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni, ó sì tún lé. Ọkọ̀ ojú irin kì í lò ju wákàtí kan àbọ̀ sí méjì lọ sí Birmingham yẹn kan náà. Ẹ ò sì lè tẹ iná mọ́ ọn, torí máìlì 4 ní wákàtí kan ni òfin gbà. Ìyá arúgbó tó ń ti oko bọ̀ ní Ẹ̀rúnmu, tó ru igi ìdáná, á kí yín pẹ̀sẹ̀, á sì ré yín kọjá.

Ọ̀rọ̀ omi ló tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá lo ọ̀kan nínú àwọn lọ́ọ̀kì fífẹ̀ wọ̀nyẹn, omi tó ń ti òkè lọ sísàlẹ̀ lé ní lítà 200,000. Mo ka èyí tán, mo wo àwọn kẹ́ẹ̀gì tí àwọn ọmọ tò sídìí kànga, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́kọ̀ tóóró fi máa ń dúró de ọlọ́kọ̀ tóóró kejì, kí àwọn méjèèjì jọ wọlé, kí omi ẹ̀ẹ̀kan tó fún wọn. Yọ́ọ̀tì yín sanra, ó máa dá nìkan wọlé ni. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀yin gan-an kò dúró de ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín ńkọ́? Ṣebí ìyàwó ló dúró dè yín.

Ṣùgbọ́n àga òkè yẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Bọ̀dá, àga yẹn kò ní dé Birmingham. Apá tó pọ̀ jù lára odò náà, òfin ọdún 1793 ló fàyè gba gbígbẹ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin ló ń rìn létí odò tó ń fi okùn fa ọkọ̀. Ọkọ̀ ẹrù tó rẹlẹ̀ ni wọ́n fọkàn rò nígbà tí wọ́n ń mọ afárá. Kò sí ẹni tó ronú kan ọmọ Lálúpọn tó fẹ́ kí ayé rí òun. Ọ̀pọ̀ afárá ọ̀hún tẹ̀ kọrọdọ: àárín rẹ̀ ló ga, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹlẹ̀. Ẹ lè fi igi wọn àárín, kí ẹ ní ọkọ̀ á gbà á, kó wá jẹ́ èjìká ọkọ̀ ló máa ha. Ojú omi ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n dé ibi tó ga jù, kì í ṣe láti ìdí ọkọ̀. Kí ẹ sì wọ̀n ọ́n nígbà tí epo àti omi inú táńkì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí ọkọ̀ tí táńkì rẹ̀ gbẹ máa ń fúyẹ́, á sì tún ga sí i. Ẹni tó wọn ọkọ̀ nígbà tó yó, tó dé abẹ́ afárá nígbà tébi ń pa á, á ṣàlàyé fún bíríkì.

Bí orí bá yọ níbẹ̀, ihò Blisworth ń dúró. Abẹ́ òkè ni wọ́n gbẹ́ ẹ gbà, ó lé ní mítà 2,800, inú rẹ̀ dúdú, omi sì ń kán láti òkè. Ọlọ́kọ̀ fífẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀, kí wọ́n má bàa pàdé ẹlòmíì láàárín ihò. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn lẹ máa wá dé Camp Hill. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n fẹ àwọn lọ́ọ̀kì tóóró ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n Camp Hill, ní ẹnu ọ̀nà Birmingham, kò kàn nínú ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 7 péré ni ìbú àwọn tó wà níbẹ̀ di òní. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé 12 ni ìbú ọkọ̀ yín. Ẹ ó máa gbóòórùn Birmingham ni, ẹ ò ní wọ àárín ìgboro rẹ̀.

Ẹ tún wá sọ pé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fi ọkọ̀ ńlá kó o wá sí Èkó, kí ẹ wà á wálé. Ó dáa. Láti Ọ̀sà Èkó, ẹ máa gba Ẹ̀pẹ́, ẹ máa bọ́ sí Ọ̀sà Lẹ́kí, níbi tí Ọ̀ṣun ń dà sí. Ẹ wá dojú kọ Ọ̀ṣun kí ẹ máa gòkè bọ̀. Lákòókò ẹ̀rùn, iyanrìn lẹ máa gùn. Lákòókò òjò, igi tí omi wó á máa bọ̀ wá pàdé yín. Ká ní ẹ la gbogbo rẹ̀ já, ẹ dé Aṣéjire, ògiri dáàmù ló máa dúró níwájú yín. Ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n kọ́ ọ, kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Wọn kò ṣe lọ́ọ̀kì sí i. Kainji ló ní lọ́ọ̀kì, lórí Odò Ọya, ìyẹn sì jìnnà sí ilé wa. Mo bi àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìhà Ẹgbẹ́dá bóyá wọ́n lè gbé yọ́ọ̀tì lérí gorí dáàmù. Iye tí wọ́n pè ju owó ọkọ̀ lọ, wọ́n sì ní oúnjẹ kò sí nínú ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé a ò mọ afárá tó rẹlẹ̀ nílé. Tiwa kàn yàtọ̀ ni, ẹni tó wà lókè ló ń bá jà. Ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún, ó gbé ènìyàn àti ilé lọ. Ní 26 oṣù Kẹjọ 2011, àgbàrá tún ya ọ̀pọ̀ afárá Ìbàdàn dànù, kó tó di pé Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 láti fi tún ojú odò àti afárá ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá rí wa tí à ń wo abẹ́ afárá kí á tó wo ojú ọ̀run, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ háyà ọkọ̀ tóóró, èyí tí ìbú rẹ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà 7. Á wọ ibi gbogbo. Kò ní àga òkè, ẹ ó dúró ní ìdí ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí awakọ̀, òjò á sì pa yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo gbọ́ pé lórí odò wọ̀nyẹn, ọkọ ló sábà máa ń di ìtọ́kọ̀ mú, ìyàwó á máa sáré kiri etí odò, á máa yí irin, á máa ti ilẹ̀kùn. Mo bá pe ìyàwó yín kí ẹ tó bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tiwọn, àwọn á sì ti se ọbẹ̀ sílẹ̀ ní Birmingham, kí ẹ ṣáà pè wọ́n tó bá ku ọjọ́ méjì kí ẹ dé.

Èmi àbúrò yín,
ní Lálúpọn