Òjò Di Àrà Ọ̀tọ̀ ní Ìlú Ọba

Ẹ bá mi bá àwọn ilé iṣẹ́ omi England kẹ́dùn. Òjò ti ń rọ̀ nílẹ̀ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òjò àárọ̀, òjò ọ̀sán, òjò wẹliwẹli tí kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ lórí okùn, síbẹ̀ bó bá ti rọ̀ báyìí, ẹnu á yà wọ́n. Ìyàlẹ́nu náà lérè nínú. Ìwé àṣẹ tí àjọ Environment Agency fún wọn kò gbà kí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣàn sódò láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ di mímọ́, àfi bí òjò bá rọ̀ kọjá ààlà tí páìpù kún àkúnya. Inú “àfi” yìí ni ìgbẹ́ England ń gbà kọjá. Lọ́dún 2023, gbogbo wákàtí tí àwọn páìpù àkúnya fi da ìdọ̀tí sínú odò àti òkun tó mílíọ̀nù 3.6. Bí a bá tò ó tẹ̀léra, ó ju 400 ọdún lọ. Ẹni tí yóò jókòó kà á ìbá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Aláàfin ṣì wà ní Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n ní òjò ọdún náà ló pọ̀. Ó dáa, ọdún 2024 ńkọ́? Wákàtí kò dín, ńṣe ló tún fi díẹ̀ lé. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ti kìlọ̀ fún ìjọba wọn ní 2012, nínú ẹjọ́ London àti Whitburn, pé irú ìdàsódò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ di nǹkan ojoojúmọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àwọn ará ìlú dìbò pé àwọn ń kúrò ní Yúróòpù. N kò sọ pé tìtorí ìgbẹ́ ni.

Ta wá ni ó ń ṣọ́ wọn? Àwọn fúnra wọn ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí òfin ti fà á lé ilé iṣẹ́ omi lọ́wọ́ pé kí ó máa bu omi tó ń tú jáde, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì wá ròyìn ara rẹ̀ fún ìjọba. Ẹ wo bí Southern Water ṣe ròyìn tirẹ̀. Ofwat, àjọ tó ń ṣàbójútó ilé iṣẹ́ omi, tú àṣírí rẹ̀ ní 2019 pé bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá pé, àwọn òṣìṣẹ́ kan a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí omi má ṣàn jáde rárá. Omi kò ṣàn, ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan bù. Ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan bù, ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀. Mílíọ̀nù 126 pọ́ùn ni ọgbọ́n yìí ná wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì padà sọ́dọ̀ oníbàárà. Ní 2021, kóòtù tún bu mílíọ̀nù 90 pọ́ùn lé wọn nítorí ìdàsódò 6,971 láàárín 2010 sí 2015. Ìwé àṣẹ tí ẹni tó gbà á náà ló ń ṣọ́ ara rẹ̀, rìsíìtì lásán ni.

Àwọn agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ omi ní èsì, a ó sì gbọ́ ọ. Wọ́n ní páìpù ti gbó, pé lẹ́yìn tí òórùn Thames lé àwọn aṣòfin kan kúrò lórí ìjókòó ní 1858 ni onímọ̀ ẹ̀rọ Joseph Bazalgette ri àwọn páìpù ńlá London, tí omi òjò àti omi ìgbẹ́ sì jọ ń gba ojú kan náà. Bí a bá dí ẹnu páìpù tó wọ odò, ìgbẹ́ yóò padà sínú ilé onílé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí kò ṣàlàyé ìgbẹ́ ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀: ìwádìí BBC rí ìgbà 388 tó jọ pé ilé iṣẹ́ mẹ́ta da ìdọ̀tí sódò ní 2022 láìsí òjò. Wọ́n tún ní òjò a máa là á, pé omi púpọ̀ kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí ṣe nǹkan kan. Ẹ bi àwọn atukọ̀ Oxford àti Cambridge tó ń figagbága lórí Thames. Ní 2024, nítorí kòkòrò E. coli tí wọ́n bá nínú Thames, àwọn olùṣètò ìdíje náà ní kí wọ́n fi báńdéèjì bo ojú egbò, kí ẹni tó bá sì borí má ṣe ju olùtọ́kọ̀ rẹ̀ sómi bí ìṣe wọn.

Wọ́n ní owó ìtanràn ti tó láti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní oṣù karùn-ún 2025, Ofwat bu mílíọ̀nù 122.7 pọ́ùn lé Thames Water. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti fún wọn láyè láti máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ra aṣọ òkè láwìn. Gbèsè tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 pọ́ùn sì wà lọ́rùn ilé iṣẹ́ náà, èyí tí ìjọba tà ní 1989 láìsí gbèsè kankan lọ́rùn rẹ̀. Èmi ò tíì rí ọlọ́ṣà tí adájọ́ ń bá pín ìtanràn sí oṣooṣù.

Ìjọba ti ṣèlérí ní oṣù keje 2025 pé òun yóò fòpin sí kí ilé iṣẹ́ omi máa yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ̀yin ará wa ní Peckham, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Thamesmead níbi tí ilé iṣẹ́ Crossness ti ń fọ ìgbẹ́ London, ẹ̀yin lẹ ń san bíìlì yìí. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín, kí ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni ìlérí náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti pé ta ni yóò máa bu omi náà.