Bí Ọ̀gá Onímọ́tò Ṣe Lè Pa Bíréèkì Rẹ̀ Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ilé yín wà ní Sábó Ọ̀yọ́, tí ṣọ́ọ̀bù yín wà ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Bíi kìlómítà 50 ni, àwọn tírélà tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ sì ń bá yín du títì. Ẹ jókòó kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bíréèkì.

Bó bá ń han goro, ẹ yí rédíò sókè. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló ń ké yẹn. Àwọn tó ṣe páàdì ló mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀, kó lè máa ha díìsìkì bí páàdì bá ti ń tán lọ. Aláriwo ni wọ́n. Bó bá yá, irin á máa lọ irin. Ẹ ti jẹ èrè owó páàdì nìyẹn. Owó díìsìkì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ́ìlì bíréèkì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, torí ó máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, bó bá ṣì jẹ́ tuntun, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ gbóná dé 205°C kó tó hó. Bó bá ti mumi yó, 140 lè ti tó o. Bó bá wá hó nínú páìpù, afẹ́fẹ́ ló kù tí ẹ ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ yín á rì bí ìka nínú àmàlà gbígbóná, mọ́tò á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ọ́ìlì náà bá ń dín kù, ẹ má wádìí ibi tó ń gbà jò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ dà sí i. Rọ́bà inú rẹ̀ á wú, mẹkáníìkì yín á sì rówó ṣọdún.

Bí ẹ bá ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sí Odò Ọbà, fúrìì ni kí ẹ fi jíà sí, kí epo má baà jó. Ẹ́ńjìnnì tí ì bá bá yín dá ọkọ̀ dúró á sinmi, bíréèkì nìkan á ru ẹrù náà. Ẹ má sì dín eré kù o. Ẹni tó kúrò lórí 50 bọ́ sórí 100, iṣẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ máa ṣe ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Láyé bọ́lẹkájà, ọmọ ọkọ̀ a máa dúró lẹ́yìn, wéèjì á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ yí sẹ́yìn, á bẹ́ sílẹ̀, á fi igi ti táyà. Àwọn yẹn kúkú mọ̀ pé bíréèkì àwọn ò mú. Tiyín, “Kò Séwu” lẹ lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, tòun ti Wọlé Ṣóyínká, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá ti wọn ní 1988. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ gbìyànjú.

Bí bíréèkì bá wá já, ẹ má dárúkọ páàdì. Ẹ ní àbúrò bàbá yín tó wà lábúlé ló wà nídìí ẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ bíréèkì yàtọ̀ sí kílọ́ọ̀ṣì. Kìkì pé kí ẹ tètè dé ọ̀dọ̀ bàbá náà kó tó gbọ́ ohun tí ẹ sọ, torí òun lẹ máa yá owó mẹkáníìkì lọ́wọ́ rẹ̀.