Ọ̀jọ̀gbọ́n Àyálò

Ẹni tó bá fẹ́ rí Pròf, kó má wulẹ̀ lọ sí yunifásítì kankan. Kó wá sí Ọ̀yìngbò kí aago méje àárọ̀ tó lù, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń já èrò sílẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ọkùnrin tó wọ kóòtù nínú ooru, tó há báàgì dúdú sábíyá, tí fóònù mẹ́ta ń dún lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun nìyẹn. Fóònù kan wà fún yunifásítì ìjọba tó gbà á síṣẹ́ ní tòótọ́. Ìkejì wà fún èyí tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ìkẹta fún èyí tó wà lọ́nà Ìbàdàn. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti wọlẹ̀ pátápátá. Ìyàwó rẹ̀ gan-an, Pròf ló ń pè é. Àwọn aláta inú ọjà náà ò mọ orúkọ mìíràn.

"Pròf, ẹ ò ní ra tòmátì lónìí ni? Mo ti ṣà á kalẹ̀ fún yín."

"Ìyá Rísì, ẹ bá mi fi pamọ́. Àwọn NUC ń dúró dè mí."

Ìyá Rísì ò mọ ohun tí NUC ń jẹ́. Ó rò pé ẹgbẹ́ onímọ́tò tuntun ni, ó sì ṣàdúrà fún Pròf pé wọn ò ní já tíkẹ́ẹ̀tì fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ Pròf ni kí wọ́n máa yá a. Ní Èbúté Mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ sin òkú ìyá rẹ̀ a yá àga, a yá kánópì, a yá kúlà ìrẹsì. Bí àlejò bá tú ká, a kó wọn padà fún ẹni tó ni wọ́n. Yunifásítì aládàáni kékeré tí NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó yunifásítì, fẹ́ wá yẹ̀ wò náà a yá ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìdí tí ọjà rẹ̀ fi ń tà ò farasin. Ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ fún àwọn aládàáni níwèé àṣẹ láti dá yunifásítì sílẹ̀. Babcock, Igbinedion àti Madonna ló ṣáájú. Lónìí wọ́n ti lé ní 100. Kò sí èyí tó máa ṣílẹ̀kùn tí kò ní fẹ́ kọ́ni ní Computer Science, torí òun ni òbí ń béèrè kí wọ́n tó béèrè bóyá omi wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ìlànà NUC le. Nínú olùkọ́ 100, ó yẹ kí 20 jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí rídà, kí 35 jẹ́ olùkọ́ àgbà, kí 45 yòókù jẹ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀ka tí olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá péré nílò méjì nínú àwọn ẹni ńlá yìí. Ẹ̀ka tó bá yege gba àṣẹ ọdún 5. Èyí tó bá ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ gba ọdún 2. Èyí tó bá fìdí rẹmi, kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́. Olùdásílẹ̀ tó ti yáwó ní báǹkì fi kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì ò lè fara mọ́ ìyẹn láéláé.

Ibo ló ti máa rí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà? Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ti wà ní Kánádà. Ẹni tí kò tíì lọ wà nínú yàrá rẹ̀ ní Yaba, ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń san dọ́là. Olùdásílẹ̀ a polówó nínú ìwé ìròyìn: ó ń wá ẹni tó ní PhD, tó ti tẹ ìwé jáde rẹpẹtẹ, tó jẹ́ ọmọlúàbí, tí yóò sì máa wá sí ìsìn òwúrọ̀. Kò dárúkọ owó oṣù. Pròf nìkan ló fèsì.

Ọdún 2022 wá ni oríire rẹ̀ dé. NUC gbé ìlànà ìkọ́ni tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde lóṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n sì ya ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ kúrò lábẹ́ sáyẹ́ǹsì: Cybersecurity dá dúró, Data Science dá dúró, Software Engineering náà dá dúró. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ka kan lánàá di mẹ́ta, mẹ́rin, olúkúlùkù sì ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìpè rẹjísírà ti ń lọ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà, Pròf. Ẹ dákun sà, àwọn àlejò wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè."

"Kí lẹ fẹ́ kí n jẹ́?"

"Cybersecurity, sà."

"Háà, Cybersecurity ni mo jẹ́ lọ́nà Ìbàdàn. Wọ́n lè dá mi mọ̀. Ẹ fi mí sí Data Science."

"Bó bá ṣe wù yín náà ni, sà."

"Ẹ ó fi nǹkan díẹ̀ lé e o. Data Science ò rọrùn."

Lọ́jọ́ Túsìdeè, jẹnẹrétọ̀ ń ké láti ìdájí. Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ orúkọ Pròf sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ò tíì gbẹ, Pròf fọwọ́ kàn án, ó sì fi nu kóòtù. Àwọn kọ̀ǹpútà wà nínú ọ̀rá tó bá wọn wá, wọ́n ti kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já a. Ẹni tó ṣáájú àwọn àlejò wọlé, òun àti Pròf wo ara wọn lójú. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin yìí ló jókòó sórí àga àyálò níbòmíràn, Pròf ló wà lára àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

"Pròf! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta."

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta, Pròf."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n ní ta ni ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀. Ọmọ náà ka orúkọ, oyè àti ilé ẹ̀kọ́ tí Pròf lọ láìkọsẹ̀. Wọ́n ní kí ló kọ́ ọ. Ó wojú rẹjísírà.

Àwọn àgbà ní ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Kíláàsì Pròf náà ò mọ̀. Àgùnbánirọ̀ ló ń kọ́ wọn ní 100 level, àgùnbánirọ̀ náà ló ń máàkì. Nígbà tí Pròf bá tiẹ̀ yọjú síbi ìdánwò, yóò ní kí wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà sórí bébà, FORTRAN tó kọ́ nígbà èwe, yóò sì yọ máàkì nítorí kọ́mà. Ọjọ́ tí Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, ṣàdédé yọ sí Yaba, ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́ tó wá kí wà níbẹ̀. Pròf, tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí Yaba rárá, ò sí nílé, wọ́n ti yá a lọ. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sínú CV pé òun wà lára àwọn tó sọ Yaba di ojúlé ìmọ̀ ẹ̀rọ. CV náà ti pé ojú ìwé 64.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bú u jù. Owó oṣù tí àdéhùn ọdún 2009 fi lélẹ̀ fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba ló ń gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, tó sì fò dé 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ, ìjọba dá owó oṣù dúró, ọmọ Pròf ò sì dá oúnjẹ dúró. Àyálò ló gbà á là. Èmi ò rò pé òun ni olórí ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ṣí yunifásítì láìní olùkọ́ ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀ dé ilé ẹjọ́.

Oyè ọ̀jọ̀gbọ́n yìí sì ní àwọn tó tọ́ sí o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Lóńgẹ́ ti Yunifásítì Ìbàdàn fi odù Ifá 256 wé ìṣirò kọ̀ǹpútà nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe lọ́dún 1983. Adéníkẹ̀ẹ́ Òṣófisan gba PhD Computer Science ní Ifẹ̀ lọ́dún 1989, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Pròf a máa dárúkọ àwọn méjèèjì ní gbogbo ìpàdé, bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n jọ gbé. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ ò tíì wáyé. Ó ti kọ ọ́ tán, kò kàn mọ yunifásítì tí yóò ti kà á ni.

Ẹ̀yin òbí tó ń ta ilẹ̀ sanwó ilé ẹ̀kọ́, ẹ má lọ wò ó lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ tí NUC wà níbẹ̀. Ẹ lọ lọ́jọ́ Wẹ́sídeè tí ẹnikẹ́ni ò retí yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n fún yín, kí ẹ sì fọwọ́ nu àga rẹ̀ wò bóyá eruku wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.